Ibà àti Ìbà

Ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo ti ṣiṣẹ́ pẹ́ jù lọ ní Lọ́kọ́ja, ìwé gbàǹgbà kan máa ń wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì hẹ́dímásítà. Táìmù-búùkù ni gbogbo wa ń pè é. Olùkọ́ tó bá dé láàárọ̀ yóò kọ aago tó dé síbẹ̀, yóò sì fọwọ́ sí i; bó bá ń lọ lọ́sàn-án, yóò tún kọ aago tó lọ. Ẹni tí kò bá wá, a óò kọ ìdí rẹ̀ sí àyè tó kángun sí ọ̀tún. Nígbà tí wọ́n fi mí ṣe igbákejì hẹ́dímásítà, èmi ni mò ń tọ́jú ìwé náà. Ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń fi rúlà fa ìlà pupa sí ìsàlẹ̀ ọ̀sẹ̀, tí n óò sì ka ohun tí wọ́n kọ láti òkè dé ilẹ̀.

Ibà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ibà náà ni. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ìlú tí odò ńlá méjì ti pàdé, tí ooru rẹ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn bo aṣọ sùn, níbo ni ẹ̀fọn tún fẹ́ lọ? Àmọ́ ibà ní àmì tirẹ̀. A máa gbóná, a máa gbọ̀n, a máa mú kí ẹnu korò, lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin a sì máa lọ. Mo mọ èyí dájú, nítorí pé èmi fúnra mi fi ibà parọ́ nínú ìwé náà fún ọdún púpọ̀. Òpùrọ́ kì í ṣàìmọ irọ́ ẹlòmíì.

Tèmi bẹ̀rẹ̀ ní ọdún kejì tí a kó dé Lọ́kọ́ja láti ìlú wa ní ìhà Ìjùmú. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, èmi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọmọ wa kẹta. N kò sunkún. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí, nítorí pé àwọn tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ràn láti fi ẹkún bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, mo wọ bàtà ẹsẹ̀ kan, mo wá ń wo èkejì nílẹ̀. Kì í ṣe pé n kò fẹ́ wọ̀ ọ́. Ọ̀nà tó wà láàárín ọwọ́ mi àti bàtà yẹn ló jìn bí ẹni pé wọ́n ní kí n fi ẹsẹ̀ rìn dé Kàbà. Omi ìwẹ̀ mi gbóná, ó tutù. Ọmọ ń ké nínú yàrá, mo ń gbọ́ ọ bí ẹni ń gbọ́ ọmọ aládùúgbò. Nígbà tí ọkọ mi padà wọlé wá mú kọ́kọ́rọ́ tó gbàgbé, ó bá mi níbẹ̀ pẹ̀lú bàtà kan.

"Kí ló dé?" ló wí.

"Ó rẹ̀ mí."

"Ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí?"

Ọ̀rọ̀ kúkúrú yẹn, *ó rẹ̀ mí*, ti dá wàhálà sílẹ̀ nínú èdè wa. Ẹni tó roko láti òwúrọ̀ dé alẹ́ ń sọ ọ́, ẹni tó ń ṣàìsàn ń sọ ọ́, ẹni tí kò fẹ́ lọ síbi tí wọ́n rán an náà ń sọ ọ́. Tí o bá sọ ọ́, ohun tó bá wu olùgbọ́ ni yóò mú níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin wá kí wa ní oṣù náà, ọ̀lẹ ló sì mú nínú tèmi.

"Ìyàwó wa, kí ló ń dùn ọ́ gan-an? O lọ́kọ, o bímọ, ìjọba ń sanwó fún ọ lóṣooṣù. Ẹni tí kò ní rárá ńkọ́, kí ni kí ó ṣe?"

N kò lè bínú sí i, nítorí pé ìbéèrè kan náà ni mò ń bi ara mi lójoojúmọ́, ohùn tèmi sì le ju tirẹ̀ lọ.

Mo lọ sí ilé-oògùn. Ọkùnrin Nupe kan ló wà níbẹ̀, ó ń da Hausa pọ̀ mọ́ Yorùbá. Mo ní ó rẹ̀ mí. Kò gbé orí sókè tó fi ní, "Ibà ni," tó sì ka oògùn kíkorò sínú bébà fún mi, èyí tó máa ń yúnni lára. Mo lò ó. Ó yún mí títí mo fi ń fi ìyarun họ ẹ̀yìn. Àárẹ̀ náà jókòó síbi tó jókòó sí. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọ̀rọ̀ tí mo lè kọ sínú táìmù-búùkù.

Bí ẹ bá ń bi mí pé kí ló dé tí n kò kọ òótọ́, n óò sọ fún yín nípa olùkọ́ ọkùnrin kan ní ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn nínú ìlú náà. Irú nǹkan báyìí ló mú un. Òun sọ òótọ́. Ó lọ sí ilé-ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ, ó lo oṣù méjì, ó sì padà dé pẹ̀lú ìwé tí dókítà fọwọ́ sí pé ara rẹ̀ ti yá. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, àwọn òbí ti ń wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "A kò bá tíṣà jà o, sà, ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo ni mo ní." Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé nínú gbogbo àwọn, òun nìkan ló ní ìwé ẹ̀rí pé orí òun pé. Ẹ̀rín pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé e lọ sí abúlé kan níbi tí ọ̀nà mọ́tò ti pin, a kò sì gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́.

Bí mo ṣe wà nìyẹn fún ọdún mẹ́fà. Yóò dé, yóò lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí oṣù méjì, yóò lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé olùkọ́ obìnrin kan wá sí ilé-ẹ̀kọ́ wa, tó ń kọ́ kíláàsì kejì. Ọmọ Ígálà ni, òdì kejì odò ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n ará Kàbà ló fẹ́. Ó kéré sí mi ní nǹkan bí ọdún mẹ́jọ. Ẹnu rẹ̀ dá lórí Yorùbá. Kíkọ ni kò mọ̀ dáadáa. Ìyá ọkọ rẹ̀ a máa kọ lẹ́tà ránṣẹ́ láti ilé, kò sì fẹ́ kí ẹlòmíì máa bá òun dáhùn lẹ́tà ìyá ọkọ òun. Ó wá bá mi.

"Àǹtí, ẹ máa tọ́ mi sọ́nà. Ẹ má wo ojú mi rárá."

N kò wo ojú rẹ̀. Gbogbo ohun tó bá ní í bá mi sọ, tó bá ti ṣeé kọ sílẹ̀, Yorùbá ló fi ń kọ ọ́ sórí bébà pélébé, èmi a sì fi báírò pupa tún un ṣe, n óò dá a padà. Ó kọ́ ọ kíákíá. Àmì ohùn nìkan ló máa ń fìyà jẹ ẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn bébà náà ni èyí tó fi ránṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí kò wá síṣẹ́: *Ẹ jọ̀wọ́ mà, n kò ní lè wá lónìí. Ìbà ń ṣe mí.* Mo kọ ibà rẹ̀ sínú táìmù-búùkù. Mo pa àmì orí lẹ́tà àkọ́kọ́ rẹ́ pẹ̀lú pupa, mo sì tọ́jú bébà náà dè é. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, òmíràn tún dé, àṣìṣe kan náà. Lẹ́yìn oṣù méjì, ìkẹta.

Nígbà tó padà dé lẹ́yìn ìkẹta yẹn, olùkọ́ kíláàsì kẹfà kí i lójú gbogbo wa. "Ìyàwó Kàbà, ẹ̀fọn ilé yín mà fẹ́ràn yín o. Àbí iyọ̀ lẹ fi ń pa ara?"

"Ẹ̀fọn mọ ẹni tó lẹ́jẹ̀, sà," ló fi dá a lóhùn. "Ẹ̀yin, wọn óò wò yín, wọn óò kọjá." Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó jókòó, ẹ̀rín náà sì kúrò lójú rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn bá bọ́ fìlà.

Mo pè é sábẹ́ igi dóńgóyárò lẹ́yìn kíláàsì, mo sì tẹ́ bébà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú rẹ̀.

"Ibà ni, kì í ṣe ìbà. Ohùn àárín ni kí o fi bẹ̀rẹ̀ kí o tó wálẹ̀. Ìbà là ń jú fún ọba, là ń jú fún àgbà. Ìtumọ̀ wọn jìn síra wọn."

"Mo mọ̀, mà."

"O mọ̀? Ẹ̀ẹ̀mẹta rèé tí mo ti fi hàn ọ́."

"Mo ti mọ̀ láti ìgbà àkọ́kọ́." Ó ń wo ilẹ̀. "Àǹtí, ohun tó ń ṣe mí kì í gbóná. Tó bá ti dé, ńṣe ni mo máa ń dojú bolẹ̀ fún un. Tó bá ní kí n má dìde, n kò ní dìde. Ṣé kì í ṣe ìbà nìyẹn?"

Báírò pupa wà ní ṣíṣí lọ́wọ́ mi. N kò mọ̀ pé ó ti ń ṣàn sára bùbá mi. Mo bi í pé ìgbà wo ló kọ́kọ́ dé. Ó gbójú sókè, ó sì wò mí pẹ́.

"Kí ló dé tí ẹ kò rẹ́rìn-ín?"

"Èmi náà ń jú u," ni mo wí.

Láti ọjọ́ yẹn ni a ti ń pàdé ní ilé mi ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. A kì í jókòó lásán, nítorí pé obìnrin méjì tó jókòó lásán nínú ọgbà, ọ̀rọ̀ ẹlòmíì ni àdúgbò yóò rò pé wọ́n ń sọ. A máa ń bó ẹ̀gúsí. Màmá kan tó jẹ́ ará Ọ̀wọ́rọ̀ ló ń tà á fún wa. Òun àti ọkọ rẹ̀ ń dáko lẹ́yìn ìlú, ó sì máa ń gbé ẹrù kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi. Ní Ọjọ́bọ̀ kan ó sọ ẹrù kalẹ̀, kò sì gbé e mọ́.

"Tíṣà, oṣù mélòó rèé tí mo ti ń ta èyí tí mo bó tán fún gbogbo ayé, ẹ̀yin méjì nìkan lẹ ń béèrè eléèpo. Kì í ṣe ẹ̀gúsí lẹ fẹ́. Nǹkan tí ọwọ́ yóò máa ṣe lẹ fẹ́."

Ó fa àpótí kan mọ́ra, ó jókòó, ó sì bu ẹ̀kúnwọ́ kan. Nígbà tó ṣe, ó sọ fún wa pé àwọn àárọ̀ kan wà tí òun máa ń jókòó sí ojú ọ̀nà oko pẹ̀lú ọkọ́ lórí itan títí oòrùn yóò fi kan àtàrí. Àwọn orogún rẹ̀ ń pè é ní ọ̀lẹ. Alùfáà mùsùlùmí ti fún un ní hàntú, omi tí wọ́n fi fọ wàláà, mu títí inú rẹ̀ fi ń dún bí agbè. *Ẹrù* ni òun ń pe nǹkan náà. "Ẹrù yìí, ẹnikẹ́ni kì í bá ọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, nítorí wọn kò rí i lórí rẹ."

Báyìí la di mẹ́ta: èmi tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ Ígálà tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì mìíràn, àti Màmá tó máa ń dìde lọ kírun, tí a óò sì máa bá a bó tirẹ̀ kó tó dé. Òfin díẹ̀ wà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé *mọ́kàn le*. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ béèrè pé kí ló fà á. Èyí tó ga jù ni pé bí ọ̀kan nínú wa bá ránṣẹ́ ìbà, ìbà gidi, àwọn yòókù yóò fi ohunkóhun tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀, wọn yóò lọ bá a. Èmi ni mo gbé òfin yẹn kalẹ̀. Olùkọ́ fẹ́ràn òfin.

A jọ lọ sí ilé-ìwòsàn ìjọba pẹ̀lú. Dókítà ará Íńdíà kan wà níbẹ̀ nígbà náà, tó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tán kó tó kọ̀wé. Ó ní àìsàn ni, ó lórúkọ, ó lóògùn, ṣùgbọ́n oògùn náà kì í yára. Nọ́ọ̀sì tó ń túmọ̀ fún Màmá sọ ọ́ di pé, "Dókítà ní o ń ronú jù." Mo tọ́ ọ sọ́nà níbẹ̀. Èèyàn ló ń ṣe ìrònú. Èyí, òun ló ń ṣe èèyàn. Nọ́ọ̀sì wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin náà ńkọ́ mà, kí ló ń ṣe yín?" Mo ní mo kàn sin ìyá náà wá ni, bẹ́ẹ̀ oògùn tèmi ti wà nínú báàgì mi.

Ẹ kíyè sí ìdáhùn yẹn. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ti wà nínú rẹ̀.

Ọdún méjì àtààbọ̀ la fi ṣe é. N kò ní parọ́ pé a rí ìwòsàn. Ìbà ń dé bó ṣe ń dé. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá dé sílé mi, ẹnìkan yóò kanlẹ̀kùn, yóò wọlé láìdúró de èsì, yóò sì fi bàtà kejì sí mi lẹ́sẹ̀. Àwọn àgbà ní okun inú la fi ń gbé tìta. Ní ìgbà yẹn, inú ẹlòmíì ni mo ti ń yá okun.

Ìta kò jẹ́ ká sinmi. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì mi ń béèrè ohun tí èmi àti obìnrin ìmàle ń dì sínú igbá ní Ọjọ́bọ̀. Ọkọ mi ní ẹ̀gúsí tí òun ń jẹ láàárín oṣù kan ti tó ti ìyàwó mẹ́rin. A sọ fún wọn pé òwò ni.

Ní ìparí ọdún méjì àtààbọ̀ náà, hẹ́dímásítà wa ń fẹ̀yìn tì, orúkọ mi ló sì wà lókè nínú àwọn tó lè gba ipò rẹ̀. Ìsìpẹ́kítọ̀ wá láti wo ilé-ẹ̀kọ́ àti láti wo èmi náà. Ọ̀rẹ́ mi kò wá síṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, èmi, hẹ́dímásítà àti ìsìpẹ́kítọ̀ dúró ti táìmù-búùkù, ni Màmá bá yọ lẹ́nu ọ̀nà, òógùn bo ojú rẹ̀. Ó na bébà pélébé kan sí mi.

*Àǹtí, ìbà ti dé. Àwọn ará ọkọ mi wá láti ilé, wọ́n fẹ́ mú mi lọ sí ibi àdúrà lónìí. Ẹ wá bá ọkọ mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ló máa ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ wá.*

Òótọ́ ni pé ọkọ rẹ̀ máa ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Èmi nìkan ló máa ń kí láti ìdọ̀bálẹ̀. Bí mo bá lọ, tí mo jókòó, tí mo sì sọ pé àìsàn ni, pé dókítà ti mọ̀ ọ́n, pé èmi náà ń lo oògùn kan náà, kò ní jẹ́ kí wọ́n mú un lọ. Ilé rẹ̀ kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ.

"Kí nìyẹn, Mádàámù?" Ìsìpẹ́kítọ̀ ti ń na ọrùn.

Mo pa bébà náà pọ̀, ó ku ìlà àkọ́kọ́ nìkan tó hàn. "Olùkọ́ wa kan ni, sà. Ibà ń ṣe é. Mò ń kọ́ ọ ní Yorùbá, kò tíì mọ àmì ohùn." Mo yọ báírò pupa. Mo pa àmì orí *ìbà* rẹ́. Mo kọ *ibà* sókè rẹ̀ gàdàgbà, mo sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: *Wo àmì ohùn rẹ dáadáa. Lọ gba oògùn.*

Ìsìpẹ́kítọ̀ rẹ́rìn-ín. "Olùkọ́ gidi nìyí. Àní aláìsàn kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo ká bébà náà, mo fi lé Màmá lọ́wọ́. Kò mọ̀wé kà.

"Kí ni kí n sọ fún un?"

"Sọ fún un pé mò ń bọ̀."

Mo ní in lọ́kàn láti lọ. Mo rò pé bí a bá jáde ní ọ̀sán, kò ní pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n ìsìpẹ́kítọ̀ fẹ́ rí ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́, lẹ́yìn náà ó fẹ́ jẹun, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lókè kì í sì í fi àlejò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí mo fi dé ilé ọ̀rẹ́ mi, aago mẹ́rin ti lù. Màmá jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Aládùúgbò kan ló sọ̀rọ̀.

"Wọ́n ti lọ láti aago méjìlá, mà. Láàárọ̀ ó ń bá wọn fà á, ó ní àǹtí òun ń bọ̀. Ìgbà tó ka ìwé tí ìyá yìí mú wá tán, kò bá wọn fà á mọ́. Ó dìde, ó wọ bàtà rẹ̀, ó tẹ̀ lé wọn."

Ọkọ rẹ̀ wọlé ní ìrọ̀lẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi bó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tí mo sọ pé àìsàn ọkàn ni, pé kí ó lọ mú un padà, ó wò mí tàánútàánú.

"Mà, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń kọ ọ́ pé ibà ni, láti ọdún mẹ́ta. Mo rí ìwé yín tòní. Ibà tí oògùn kò ràn fún ọdún mẹ́ta, ṣé kò lọ́wọ́ ayé nínú?"

N kò rí àṣìṣe kankan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí mo lè fi pupa sí.

Oṣù méje ló lò ní ibẹ̀. Wọ́n fi ààwẹ̀ mú un gbẹ. Wọ́n fi okùn so ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ òpó ní àwọn ọjọ́ tí kò bá lè dìde wá síbi àdúrà. N kò rí i. Àwọn tó lọ wò ó ló sọ. Lẹ́yìn oṣù kẹta, lẹ́tà dé pé ó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láìgbàṣẹ, kí a yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Èmi ni mo fi rúlà fa ìlà lé e lórí. Ní oṣù kan náà ni wọ́n fi mí ṣe hẹ́dímísíìsì.

Mo sọ ohun tí mo kọ sínú bébà náà fún Màmá ní Ọjọ́bọ̀ kejì lẹ́yìn tí wọ́n mú un lọ. Ó bó ẹ̀gúsí bíi mẹ́wàá kó tó sọ̀rọ̀.

"Èmi tí n kò mọ̀wé. O gbé irọ́ lé mi lórí, o ní kí n rù ú lọ."

Ó gbọn ìró rẹ̀, ó lọ. Ọjọ́bọ̀ mẹ́ta ni kò fi wá. Ní ìkẹrin ó dé, ó jókòó, kò kí mi. Mo mọ ìdí tó fi padà. Kò sí ibòmíì tí ó lè gbé ẹrù rẹ̀ sọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibòmíì tí èmi lè gbé tèmi sọ̀. Àwọn tó bá ń sọ pé ìfẹ́ ló máa ń so irú wa pọ̀, ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe díẹ̀: ìfẹ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àìríbi-lọ ló kọ́kọ́ dé.

Nígbà tí ìbà tún mú mi, mo lo ọjọ́ mẹ́rin nílé. Mo padà, mo ṣí táìmù-búùkù, mo sì fi Yorùbá kọ *àárẹ̀ ọkàn* sí àyè ìdí pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Kí ẹ má pè é ní ìgboyà. Ìgboyà ti ní ọjọ́ tirẹ̀, ó ti kọjá. Igbákejì mi fi ìwé mìíràn bo ojú ewé náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde. Òbí márùn-ún yọ ọmọ wọn. Kí ọdún tó parí, wọ́n ní kí n wá máa tọ́jú fáìlì ní ọ́fíìsì ẹ̀kọ́, níbi tí ọmọdé kankan kò sí. Ọ̀kan nínú àwọn òbí márùn-ún náà gba ẹ̀yìnkùlé wọlé mi ní àṣálẹ́ kan. "Mà, ohun tí wọ́n ní ẹ kọ yẹn, ó ń ṣe àbúrò mi obìnrin. Ẹ má sọ pé mo wá." Mo ní kó mú un wá ní Ọjọ́bọ̀. Ó mú un wá. Kò dá ọmọ rẹ̀ padà sí ilé-ẹ̀kọ́ náà.

Ní 1991 tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀, tí Lọ́kọ́ja di olú-ìlú, èrò ya wọ̀lú. Ní Ọjọ́bọ̀ kan ní ìparí ọdún náà, ọ̀rẹ́ mi yọ lẹ́nu géètì mi. Ó ti fi ọkọ sílẹ̀, ó ti padà sí òdì kejì odò, ó ń ta ìwé àti bébà fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ó wá wo bóyá òun lè rí ṣọ́ọ̀bù láàárín ìlú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ òsì ń tiro díẹ̀. Màmá rí i, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sì fa àpótí kan síwájú fún un. Ó jókòó. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó ń bó o, ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé. Ó béèrè oko lọ́wọ́ Màmá. Ó béèrè bí nǹkan ṣe rí lọ́wọ́ ọmọbìnrin tuntun, àbúrò òbí tó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé mi, tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò bá mi sọ ohunkóhun, èmi náà kò sì rí ọ̀rọ̀ tí mo lè fi bẹ̀rẹ̀ tí kò ní dún bí ìgbà tí olùkọ́ ń kọ́ni.

Nígbà tí ẹ̀gúsí tán, ó yíjú sí mi.

"Àǹtí, ẹ ní báírò?"

Mo fún un. Pupa ni, n kò ní òmíràn. Ó ya bébà tó wà lára páálí kan, ó fi sórí itan, ó kọ ọ̀rọ̀ kan, ó sì fa àmì méjèèjì sórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí mo ṣe kọ́ ọ. Ó gbé e kalẹ̀ síwájú mi, ó sì fi báírò lé e.

*Ìbà.*

"Ẹ tún un ṣe," ló wí.

Màmá wo èmi, ó wo òun. Kò mọ ohun tó wà nínú bébà náà, ṣùgbọ́n ó dá ọwọ́ dúró. Mo mú báírò náà, mo fi ìdérí rẹ̀ bò ó.

"Kò sí àṣìṣe níbẹ̀," ni mo wí.

"Ẹ sọ ọ́ sókè. Etí Màmá kò gbọ́."

Mo sọ ọ́ sókè, pé kò sí àṣìṣe níbẹ̀, pé ìbà ni, kì í ṣe ibà. Ẹni tó ń kọjá lẹ́nu géètì dúró díẹ̀, ó wò wá, ó sì ń lọ.

Ọ̀rẹ́ mi dìde, ó gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára aṣọ rẹ̀. Ó kí Màmá, ó kí ọmọbìnrin náà. Kò sọ pé òun dárí jì mí, n kò sì béèrè. Ó fi bébà náà sílẹ̀.